Oorun Tí Kò Lámì

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ìyá Tíntín, ọmọ mi,

Báwo ni ara rẹ? Báwo ni òtútù ibẹ̀? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó o jókòó nídìí iṣẹ́ yẹn, àbí ìnàró lẹ fi ń ṣe é láti àárọ̀ dalẹ́? Àwa ń bẹ. Etí mi ò tíì san o. Tòsì ti di ohun ọ̀ṣọ́ pátápátá, tọ̀tún nìkan ló ṣì ń gbìyànjú. Nítorí náà, má fi tẹlifóònù pè mí mọ́. Nígbà tó o pè lọ́jọ́sí, ohùn rẹ ń dún bí eṣinṣin tó há sínú ìgò, èmi náà ṣáà ń dáhùn pé ó dáa, ó dáa. N ò mọ ohun tí mo gbà. Ìwé ni kó o máa kọ sí mi, ojú mi ṣì ń ríran.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ ni ti ọmọ rẹ. Àmì dúdú kéékèèké ń yọ lójú àti lápá rẹ̀, bí ẹni wọ́n yíǹkì sí i lára. Mo fi kànìnkàn fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Tá a bá jáde báyìí, á máa fi apá bojú, omi á máa dà lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé jọ ṣeré ní pápá lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó kù gbọn eruku ara wọn nù, wọ́n sì lọ, awọ tirẹ̀ pọ́n, ó sì bó. Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò ni.

Èmi mọ ohun tí mo fura sí. Káfíńtà tó gbé ìsọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí, fánísì tó fi ń kun àga ń wọlé wá bá wa bí àlejò tí a ò pè. Ó ń ta mí nímú, ó ń ta mí lójú, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo bá a sọ ọ́, ó ní níbo ni kóun gbé àga lọ. Ìwọ tó ò ń bá àwọn onímọ̀ ṣiṣẹ́, bi wọ́n léèrè fún mi. Ìwọ gan-an, kí ni iṣẹ́ rẹ níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi bi mí, mo ní ò ń se okùn nínú omi gbígbóná. Ó wò mí, ó ní, "Láti ọdún yìí wá, okùn ọ̀hún ò tíì jinná?" Ojú tì mí.

Tíntín ní kí n kí ọ, ó ní ìgbà wo lò ń bọ̀. Mo ní ò ń bọ̀. Irọ́ tí mo ti pa fún ọmọ yìí, ó tó kọ́lé.

Èmi ni,
Màmá rẹ, ẹlẹ́tí kan.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Màmá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àfaradà mi. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé okùn náà ń jinná lójoojúmọ́, àwa la ò tíì yó.

Ó yẹ kí n ti ṣàlàyé fún yín tipẹ́. Nínú ara gbogbo ẹni tó ń mí, okùn tín-ínrín kan wà tí ojú ò lè rí. DNA là ń pè é níbí, ẹ jẹ́ ká pè é ní okùn àbùdá. Òun ló ń pàṣẹ bí awọ ṣe máa jẹ́ awọ, bí ojú ṣe máa jẹ́ ojú. Méjì ni, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n sì dira wọn lọ́wọ́ mú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn kan ń fi ọwọ́ méjì dira wọn mú, àwọn kan ń fi mẹ́ta. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ò lágbára, ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ ni wọ́n tó le. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ooru dán wọn wò. Mo máa bu díẹ̀ sínú ìgò tó kéré ju ìka ọmọdé lọ, mo máa mú ooru rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi máa gbọ̀n jìgìjìgì, tí wọ́n á sì jura wọn sílẹ̀. Mo máa wo ìwọ̀n ooru tí wọ́n fi tú. Tí mo bá jẹ́ kó tutù, wọ́n á tún wá ara wọn rí, wọ́n á sì lọ́ mọ́ra padà. Mo ti rí i títí, síbẹ̀ ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu.

Oríṣiríṣi nǹkan ló ń bà á jẹ́. Èéfín lè bà á jẹ́, ìmọ́lẹ̀ kan báyìí lè bà á jẹ́, kẹ́míkà bí irú èyí tó ń wà nínú fánísì lè ṣe é pẹ̀lú. Èyí tó bàjẹ́ kì í lè dúró ti ooru bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó máa ń tètè tú. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi àwọn alátùn-únṣe sínú ara wa. Wọ́n ń rìn gba ojú okùn náà kọjá, wọ́n ń fọwọ́ pa á, ibi tí wọ́n bá ti bá a tó dẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á gé e kúrò, wọ́n á sì fi okùn kejì ṣe àwòṣe láti dí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Tíntín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tó bá wà níta, ṣé ó máa ń pẹ́ kí awọ rẹ̀ tó pọ́n? Ẹ má bínú pé mò ń béèrè bí ọlọ́pàá. Ọkàn mi ò balẹ̀ ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Ìyá Tíntín,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo ka ìwé rẹ, mo tún kà á sókè fún ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Okùn méjì tó lọ́ mọ́ra, òwú náà nìyẹn. Àwọn alátùn-únṣe tó ń gé ibi tó bàjẹ́ tí wọ́n ń lẹ òmíràn mọ́ ọn, bá mi ní kí wọ́n yà sọ́dọ̀ mi, ìwé rẹ bá mi láàárín aṣọ oníbàárà tí iná jó. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ìwọ fúnra rẹ dárúkọ fánísì. Mo fi hàn káfíńtà. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

O bi mí bó ṣe ń rí tó bá wà níta. Níta ni káfíńtà wà, kí lo fẹ́ kó rí?

A ti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. A jókòó títí ìdí fi kú mi. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé ni, fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò. Ó ní ibi tí wọ́n ti lè yẹ irú rẹ̀ wò ò sí nítòsí, pé ọ̀dọ̀ yín lóun máa fi ránṣẹ́ sí, wọ́n á sì fún ọ lésì. Tíntín ò sunkún. Ìgbà tí wọ́n yọ abẹ́rẹ́ ló tó ní, "Ìyá àgbà, ṣé okùn mi ló wà nínú ìyẹn? Ṣé wọ́n á dá a padà?" Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Bí èsì bá ti dé, má fi falẹ̀. Mò ń bẹ ọ́.

Màmá rẹ.


Ojo kejidinlogun, osu kerin

Mama mi owon,

E ma binu pe n ko fowo ko eyi. Ero ibi ise ni mo fi n te e, ki okunrin onikomputa ti ikorita le te e jade fun yin lonii. Ero yii ko ni ami kankan, e ba mi fi ori ka a.

Esi ti de. Oorun ni ota Tintin. Oorun lo n ba okun ara re je, ko si si alatunse kankan to n tun un se. E ma je ki oorun kan an rara, bo ti wu ko kere mo. E di gbogbo ibi ti oorun n gba wole. Ibi ti e ba ti ri i pe oorun n po, e tete gbe e kuro nibe. E ma so pe yoo mo on lara. Ko le mo on lara laelae.

Mo n fi ipara kan ranse, e maa lo o fun un.

Oga n pe mi. E dakun, Mama. Oorun o.

Omo yin.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé ìwé tí mo tẹ̀ dé ọwọ́ yín? Ṣé ẹ ti gbé Tíntín kúrò níbi tí mo ní kí ẹ gbé e kúrò? Ìpara ńkọ́? Mo kọ sí oníkọ̀ǹpútà, kò fèsì. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ wo àpótí lẹ́tà kí n tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, mo tún ń lọ wò ó bí mo bá jáde. Mo da ìgò mẹ́ta nù lánàá torí pé mo gbójú kúrò lára ooru, ó sì gòkè kọjá ibi tó yẹ. Ọ̀gá bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ní kò sí.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi, kódà kó jẹ́ èébú.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Ìyá Tíntín, ọmọ mi dáadáa,

Ṣé o wà lálàáfíà? Ìwé rẹ dé, oníkọ̀ǹpútà mú un wá fúnra rẹ̀. Ká sòótọ́, ó kọ́kọ́ rú mi lójú. Mo kà á sí oorun tí à ń sùn, mo ní ṣé orí ọmọ mi ti yí ni, ọmọ wo ni kì í sùn? Mo bọ́ gíláàsì mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ni orí mi bá wálé. Òórùn! Òórùn ló ń ba okun ara rẹ̀ jẹ́. Lóòótọ́, ọmọ ò lókun mọ́, ó ń rù. Mo fò sókè. Ohun tí mo ti ń wí látọjọ́ yìí!

Mo mú ìwé rẹ, ó di ìsọ̀ káfíńtà. Ó kà á tán, ó ní òun ò rí fánísì níbẹ̀. Mo ní ta ló fẹ́ dárúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ṣé ẹni ńlá ni? A bú ara wa dáadáa. Àfojúdi rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ti kọ nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri wa, láìgbàṣẹ. Mo da nọ́ńbà náà kọ sẹ́yìn ìwé yìí, kó o lè bá mi bú u láti ọ̀hún, torí ìwọ létí láti fi gbọ́ èsì.

Mo ti ṣe gbogbo ohun tó o wí. Mo kó káńfọ̀ jáde, mo kó kẹrosíìnì jáde, mo lé pọ́dà àti ọṣẹ olóòórùn kúrò nílé. Mo fi aṣọ dí gbogbo ihò tó kọjú sí ìsọ̀ náà. Ìpara rẹ náà dé. Mo ṣí i, ó ń ta sánsán. Ó yà mí lẹ́nu pé ìwọ tó o ní kí n lé òórùn lo tún ń fi òórùn ránṣẹ́. Mo ní wọ́n ṣì í fún ọ ni, mo tì í mọ́nú àpótí.

Níkẹyìn, mo gbé ẹní Tíntín kúrò nínú yàrá, mo tẹ́ ẹ sẹ́yìnkùlé níbi tí òrùlé ò dé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá láti orí pápá. Ibẹ̀ ló ń wà láti àárọ̀ títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Kò sí òórùn kankan níbẹ̀ àfi ti koríko. Kò fẹ́ ẹ o. Ó ń sunkún, ó ń fa ẹní bo orí. Mo ní fara dà á, ìyá rẹ ló wí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ wú díẹ̀, egbò kan sì yọ lókè imú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà pé fánísì tó ti wọ̀ ọ́ lára ló ń jáde.

Ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà ti bàjẹ́, ìwé yìí á gba ọ̀nà tó jìn dé ọ̀dọ̀ rẹ. Má mikàn. Ọmọ rẹ wà ní ibi tó o fẹ́.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù karùn-ún

Màmá,

Oòrùn ni. OÒRÙN. Èyí tó ń yọ láàárọ̀, tó ń wọ̀ nírọ̀lẹ́. Kì í ṣe òórùn tí imú ń gbọ́. Kì í ṣe oorun tí à ń sùn.

Ìwé yín ti ọjọ́ kẹta oṣù yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lónìí lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́. Níbi tí mo dúró sí náà ni mo ti pe nọ́ńbà tí ẹ ní kí n fi bú káfíńtà. Mo pariwo mọ́ ọn létí pé, "Ẹ dákun, ẹ lọ gbé ọmọ mi kúrò nínú oòrùn!" Kò bi mí pé ta ni mí. Mo gbọ́ tí òòlù já bọ́ nílẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sáré. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo pè é, mo tún pè é, kò gbé e. Ara mi ò lélẹ̀, mò ń lọ mò ń bọ̀ nínú yàrá tí kò gbà ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ.

Mo fọwọ́ kọ èyí, mo sì fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú. Inú ilé ni kó máa wà lọ́sàn-án. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bo fèrèsé. Ẹ yọ ìpara yẹn jáde, oòrùn ló wà fún, ẹ fi pa gbogbo ibi tí aṣọ ò bò. Ẹ má sọ pé ojú ọjọ́ ṣú, ẹ má sọ pé àárọ̀ tutù. Ooru àti oòrùn kì í ṣe ọ̀kan náà. Kì í ṣe ìgbóná oòrùn ló ń bà á jẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń kọjá nínú ìkùukùu. Ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé yẹn kíákíá, kó wo ojú rẹ̀ àti egbò yẹn.

Èmi ni mo fi ìkánjú pa àmì jẹ. Mo mọ̀ pé ìyá mi ò lè gbọ́ ohùn mi, mo tún wá bọ́ ohùn kúrò lára ọ̀rọ̀ tó kù tí mo lè bá a sọ.

Ẹ fèsì. Ẹ dákun, ẹ fèsì.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà

Ìyá Tíntín,

Ọmọ rẹ wà láàyè, ó sì ń ríran. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kó o lè ka èyí tó kù.

Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí káfíńtà já wọlé láìkànlẹ̀kùn. Mo rò pé ìjà ló tún bá wá, mo gbé sísọ́ọ̀sì. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó gba àárín ilé kọjá, ó gbé Tíntín pẹ̀lú ẹní, ó gbé e wọnú yàrá, ó sì fi ẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn. Ẹnu rẹ̀ ń mì, n ò gbọ́. Ló bá fi ìka tọ́ka sókè, ó tún tọ́ka sí ọmọ, ó mi orí. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Dókítà gé egbò náà kúrò lókè imú. Ó ní òun á fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ó sì padà wá sọ pé a tètè dé, kò tíì di ohun búburú. Ojú òsì ní àpá kan, funfun, tó kéré. Ó ní kò ní lọ, ṣùgbọ́n ó ń fi ríran. Mo ti rán aṣọ alápá gígùn fún un, mo rán ìbọ̀wọ́, mo rán fìlà tí aṣọ gbọ̀ọ̀rọ̀ yí ká. Ó dà bí olóyin tó fẹ́ lọ fa oyin. Káfíńtà kan pákó mọ́ gbogbo fèrèsé, ó sì kun wọ́n ní fánísì kí n tó lè sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé ń rùn fọ́nfọ́n. Mo jókòó sínú òórùn náà, mo sunkún.

Mo fi ọwọ́ ara mi tẹ́ ẹní yẹn. Ó ń sunkún pé kí n gbé òun wọlé, mo ní kó fara dà á. Mo ti fẹ́ kó jẹ́ káfíńtà tipẹ́tipẹ́, ohun tí mo fẹ́ kà náà ni mo kà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́, má sì tàn mí. O ní tí ẹ bá fi ooru tú okùn yẹn, tó bá tutù, wọ́n máa ń wá ara wọn rí. Èyí tí oòrùn bà jẹ́ ńkọ́? Ní báyìí tó ti wà nínú òkùnkùn, níbi tó tutù, ṣé ó máa padà bọ̀ sípò?

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù keje

Màmá mi,

Ẹ kú ewu. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ka ìlà àkọ́kọ́ yẹn títí, kí n tó lè ka èyí tó kù. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà. Ẹ jẹ́ kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára gbogbo ògiri tó bá wù ú.

Ẹ ní kí n má tàn yín. Mo kọ irọ́ sí ìwé kan, mo ya á. Rárá, Màmá, kò ní padà. Ooru kàn ń ya àwọn méjèèjì ni, ìdí nìyẹn tí òtútù fi lè dá wọn padà. Ohun tí oòrùn ń ṣe yàtọ̀. Aládùúgbò méjì tó wà lórí okùn kan náà ló ń lẹ̀ pọ̀, tí wọn ò fi ní lè di ẹnìkejì wọn lórí okùn kejì mú dáadáa mọ́. Okùn á tẹ̀ níbẹ̀, á dẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sínú òtútù títí ayé, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà. Alátùn-únṣe ló lè gé e kúrò, ọ̀kan lára àwọn alátùn-únṣe yẹn ni Tíntín ò ní. A ò tíì ní oògùn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fún un. Èmi ni, àti bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Àwa méjèèjì gbé àbùkù kọ̀ọ̀kan rìn láìmọ̀, ọmọ wá gba méjèèjì. Àwọn ọjọ́ tí ẹ fi gbé e síta burú, mi ò ní sọ pé kò burú. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń bà á jẹ́ látìgbà tó ti ń rìn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ní báyìí, a mọ̀. Ohun tó kù tá a lè ṣe ni pé kí ìbàjẹ́ tuntun má dé. Aṣọ tí ẹ rán yẹn, òun ni oògùn.

Mo sọ fún ọ̀gá pé mò ń lọ sílé. Ó ní òun ò lè ṣèlérí pé àyè mi á dúró dè mí. Mo ní kó fún ẹlòmíì. Ó bi mí pé ṣé mo ti rò ó dáadáa, mo ní kò sí ohun mìíràn tí mò ń rò láti oṣù kejì. Ẹ má sọ ọjọ́ kan pàtó fún Tíntín, torí ìwé ìrìnnà ò tíì jáde, irọ́ tí ẹ ti pa fún un sì ti tó kọ́lé. Ẹ kàn sọ pé mo ti di ẹrù.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ìyá Tíntín,

Mo rí ìwé rẹ. O ò tàn mí, mo dúpẹ́. Ó dùn mí wọ egungun, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́. Mo ti pa gbogbo iṣẹ́ oníbàárà tì, aṣọ olóyin ni mò ń rán.

Mò ń kọ́ Tíntín ní ìwé nílé. Àmì ni mo kọ́kọ́ fi kọ́ ọ, ká tó dé orí ohunkóhun mìíràn. Ó ní òun fẹ́ kọ tòun sí ọ, pé kí n má bá òun fọwọ́ kàn án. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Màmá rẹ.


Màmi,

Oòrùn ti wọ̀. Mo wà níta.

Òórùn fánísì ń bọ̀ láti ìsọ̀ káfíńtà. Kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Oorun ń kùn mí, ṣùgbọ́n n ò ní sùn. Mò ń wo ọ̀nà.

Tíntín.